Kòkó Mẹ́ta Lójú Fèrèsé Màmá

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í tètè dáni lóhùn,

Ẹ kú ilé o. Àbí kí ni wọ́n ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà? Ó ti lé lọ́dún méjì tí a sin yín síwájú ilé ní Ajue, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bírò láti kọ̀wé sí yín. Ẹ má bínú sí mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa já lu àárín ọ̀rọ̀.

Màmá ni. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni iyè wọn ti ń ra díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún máa bèèrè pé ta ló gbàgbé iyọ̀. Mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ore. Ìjọba sójà ti dá ọ̀pọ̀ nínú àwa tíṣà dúró, búrẹ́dì ni mò ń tà ní gáréèjì báyìí, nígbà tí fláwà bá wà. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbé igbá kúrò nílé, Màmá á wé gèlè, wọ́n á kọrí sí títì márosẹ̀. Wọ́n ní ẹ wà ní òdìkejì, pé ẹ ń juwọ́ sí wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ agégi kan tó ń ti Benin bọ̀ tẹ bíréèkì, táyà han gooro. Mo sáré débẹ̀, mo bá Màmá láàárín títì, gèlè wọn ò tilẹ̀ yẹ̀. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Kò bú wọn o. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó fà wọ́n lọ́wọ́ dà?" Mo ní kò sí bàbá kankan, opó ni ìyá mi. Ó tún kúnlẹ̀, ó tún wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni?

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ní láti wá ibi tí wọn yóò ti máa ṣọ́ wọn fún mi. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ nílé, títì á pa wọ́n. Bí mo bá sì ṣi ilé yàn, ilé náà ni yóò pa wọ́n. Àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ n gbádùn. Bí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn apòwe yẹn tó bá mi sáré dójú títì. Mo rò ó kí n dá wọn padà sí Ajue, ṣùgbọ́n àlejò tó ń gbé ilé wa, tó ń bá wa dáko, àtìyàwó rẹ̀ máa ń wà lóko láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ni yóò fún Màmá lónjẹ?

Ẹ̀rù kí n má tún ṣe Màmá bí mo ṣe ṣe yín ló ń bà mí jù. Nígbà tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà funfun ni mo gbé yín lọ. Òdòdó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọ̀dà, mo rí òdòdó, ọkàn mi balẹ̀. Kò sóògùn, kò sí omi tí wọ́n ń fà síni lára, ẹ̀yin àti ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ lẹ jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ọjọ́ kẹrin lẹ kú. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kì í ṣe òkè àpò là ń wò. Gréédà tó ń yẹ kòkó wò bíi tiyín ò sí láti Ajue dé Ago Alaye. Àwọn àgbẹ̀ á kó èyí tó dán sókè àpò, wọ́n á fi èyí tó bu pa mọ́ sáàárín. Ẹ̀yin ò ní wo òkè rárá. Ẹ ó fi irin oníhò yín gún àpò nínú, ẹ ó fa kòkó àárín jáde, ẹ ó fi ọ̀bẹ pélébé là á ní gígùn, ẹ ó wò ó, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá dára tó, "Kò tíì gbẹ, ẹ lọ sá a sí i" ni gbogbo ohun tí ẹ ó sọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó ń wọ̀ yín létí. Ẹnu ọ̀bẹ yẹn kán níbì kan, ó máa ń fa ìlà tín-ín-rín sára gbogbo kòkó tó bá là. Èmi ni mo fi í sínú pósí yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Mo sì rántí pé nígbà mìíràn, ẹ máa ń to kòkó mẹ́ta tí ẹ ti là sórí àpò kan. Èmi ọmọdé mọ̀ pé àmì àpò tó yege nìyẹn.

Torí náà, mo ní lọ́tẹ̀ yìí, àárín àpò ni n ó wò.

Ilé àwọn arúgbó kan wà ní Ore níbí. Obìnrin tó ni ín mú mi wọ pálọ̀ iwájú, ó fi bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí hàn mí. Mo ní kí n rí ẹ̀yìn. Ó ní àwọn àgbà ń sinmi. Mo ní kò burú, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Báyìí ni mo ṣe dé ẹ̀yìn. Haa, Bàbá! Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ so àwọn arúgbó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé omi síbi tí ọwọ́ ò lè tó. Òórùn ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Bàbá afọ́jú kan gbórí sókè. Mi ò tíì lanu o. Wọ́n ní, "Ọmọ Gréédà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Bàbá rẹ ti wá láàárọ̀. Ó gún gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ó mi orí, ó lọ."

Mo wo tìmùtìmù tó wà nítòsí mi. Ihò róbótó kan wà láàárín rẹ̀, òwú yọ jáde lójú ihò náà. Mo wo èkejì, mo wo ẹ̀kẹta, ihò wà níbẹ̀. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni tí mo fi jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gun alùpùpù lọ sí Odigbo, sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ká má parọ́, òkè àpò ò dára. Páànù ti dípẹtà, ògiri ti sán, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún mi pé ewé làwọn ń sè nígbà tí oògùn bá wọ́n. Ṣùgbọ́n mo dé ẹ̀yìn láìtọrọ àyè. Ìyá àgbà mẹ́rin jókòó síta, wọ́n ń yá oòrùn, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Mo gbé ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gé èékánná wọn mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo gìgísẹ̀ wọn àti ẹ̀yìn wọn, kò séegbò. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbá mi lọ́wọ́, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ rà ni. Ìyá Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n ṣí yàrá tó ṣófo fún mi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì wọbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbá a. Lójú fèrèsé, kòkó mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ti là, inú wọn pọ́n dáadáa. Mo mú ọ̀kan. Ìlà tín-ín-rín náà wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ayọ̀ mi pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Mo ní Bàbá mi ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti yege. Mo sunkún níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ Sátidé ni mo kó ẹrù Màmá lọ.

Ara wọn sì ti yá níbẹ̀, Bàbá. Wọn ò wá títì mọ́. Wọ́n ń rán aṣọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ya, bí wọ́n ṣe máa ń rán ẹnu àpò fún yín ní sítọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dé, wọ́n sì pe orúkọ mi geere, èyí tí wọn ò ṣe láti ọdún tó kọjá. Mo nawọ́ sí fèrèsé, mo ní ṣé wọ́n rántí àmì yìí, àmì àpò tó dára. Màmá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́n.

Wọ́n ní, "Òǹtẹ̀ ni ti àpò tó dára. Àpò tí lọ́rì ń bọ̀ wá kó ni Bàbá rẹ ń to mẹ́ta lé lórí, káwọn alábàárù tí kò mọ̀wé lè mọ èyí tí wọn ó kọ́kọ́ gbé."

Wọ́n ní kí n bá wọn wá gèlè wọn tó dára.

Mo kó kòkó náà kúrò, mo dà á sígbó. Nígbà tí mo fi máa dágbére, mẹ́ta mìíràn ti wà níbẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó là á, pé ọwọ́ àwọn ni gbogbo ọ̀bẹ ilé wà.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ilé náà lẹ fọwọ́ sí ni, àbí Màmá lẹ fẹ́ gbé? Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń dá wà. N ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mo ti kó mẹ́ta kejì yìí sínú àpòòwé lẹ́tà yìí, n ó gbé e wá sórí ibojì yín ní Ajue lọ́la. Mo dá a padà. Èmi náà ti ti ọwọ́ bọ àárín àpò yìí, Bàbá. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe orúkọ mi.

Kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yá oòrùn sí i.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì fẹ́ di ọmọ òrukàn.