Àlá Tí Màmá Kò Lá

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, mo mọ ohun tó mú kí bàálù kan já, mo sì jókòó, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbàlagbà kan ní àjẹ́ nítorí ẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run títí, Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sí yín. Ẹ má wá orúkọ mi o, n ò ní kọ ọ́ síbẹ̀, orúkọ tí ẹ bá sì rí, mo ti yí i padà. Kí ẹ ṣá mọ̀ pé tíṣà ni mí, ọmọ Oǹdó ni èmi àti ọkọ mi, Ẹ̀gbẹ́dá la sì háyà ilé sí.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì bàálù ni, ní pápákọ̀ òfurufú n'Íkẹjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn bàálù ńláńlá tí ẹ máa ń rí lókè yẹn o. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, bàálù wọn ò ju èyí tó lè gbé èèyàn díẹ̀ àti ẹrù díẹ̀, tí àwọn oníṣòwò máa ń háyà lọ síbi tí mọ́tò ò ti ní í tètè dé. Ẹ ẹ̀ rí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ bíi tiẹ̀. Tí a bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, tí NEPA bá ti ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, bí àwọn bàbá míì ṣe ń pàlọ́ ìjàpá fún ọmọ wọn, ìtàn bàálù kékeré tó já láyé ọjọ́sí ni tiẹ̀... Ó ní ọ̀kan wà lókè òkun, agbọ́n ló lọ fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu páìpù tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí eré ẹ̀ ṣe tó, awakọ̀ rò pé òun ń sáré, kò sì sáré tó, ó já. Ó ní òmíràn wà, irin tí wọ́n fi de ìrù ẹ̀ kí atẹ́gùn má baà máa gbọ̀n ọ́n nílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti yọ, ó gbéra tán, kò ṣeé yí. Òmíràn, ìdí ni wọ́n kó gbogbo ẹrù sí, ó gbé imú sókè bí ajá tó gbóòórùn ẹran, ó sì fìdí balẹ̀. Àwọn ọmọ mi á wá pariwo pé "Kí ló fà á?" torí wọ́n ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ, òun náà á wá dá wọn lóhùn pé bàálù kì í déédé já, ohun kan ló máa ń fà á, ẹnì kan á sì ti rí nǹkan ọ̀hún kó tó gbéra. Gbogbo ìtàn ẹ̀ ló fi ń parí báyẹn. Èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n sórí.

Káyọ̀dé ni awakọ̀ bàálù ilé-iṣẹ́ wọn. Òun ló mú ọkọ mi wọ ibẹ̀. Gowon Estate ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀, àti màmá ẹ̀ tó mú wá láti Èkìtì kí wọ́n lè bá wọn tọ́jú ọmọ. Màmá yìí ló ń bá mi mójú tó àbíkẹ́yìn mi tí mo bá lọ sílé-ìwé. Màá gbé e lọ láàárọ̀, màá lọ gbé e lọ́sàn-án, màá bá a tó ti yó, tó ti wẹ̀, tí Màmá ti fi oríkì rẹ̀ ẹ́ sùn. Èmi ò ní ìyá mọ́, Màmá ló di ìyá mi.

Ní àsìkò òjò tó kọjá yìí, ẹ rántí bí epo ṣe wọ́n. Epo bàálù kékeré náà wọ́n. Ọ̀gá wọn lọ ra tiẹ̀ sínú àgbá, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rà á, wọ́n to àwọn àgbá náà síta, òjò ń pa wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, kò jẹun, kò bọ́ bàtà. Ó ní òun fa epo jáde nísàlẹ̀ táǹkì bàálù tí Káyọ̀dé máa wà lọ́jọ́ kejì, omi ló ń jáde. Ẹ mọ bí epo pupa tí wọ́n bu omi là ṣe máa ń rí, epo á lé sókè, omi á wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá mu omi lójú òfurufú, ó parí nìyẹn. Ó ní òun sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní kó fà á títí á fi mọ́, kó sì pa ẹnu ẹ̀ mọ́, pé oníbàárà ń dúró, pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ níta. Ó fà á títí, kò rí omi mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní omi lè sá sí kọ̀rọ̀ táǹkì, ìgbà tí bàálù bá gbé imú sókè ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ fún Káyọ̀dé. Ó ní òun ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àbí mo fẹ́ kí ebi pa àwọn ọmọ wa ni?

Àkókò tó yẹ kí n lọ gbé ọmọ mi ti tó. Mo rìn lọ sí Gowon Estate. Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ mi ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún Káyọ̀dé fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló máa fi ìbínú gbà lọ, orúkọ ọkọ mi ló sì máa dá. Torí náà Màmá ni mo sọ fún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ti omi fún wọn, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí Káyọ̀dé lọ lọ́la, mo sì fi ọmọ mi tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ pé èmi ni. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Màmá ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Màá ní mo lá a ni." Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nílẹ̀ wa, ọmọ wo ni ìyá ẹ̀ máa lálàá burúkú nípa ẹ̀ tó ṣì máa rin ìrìn-àjò ọ̀hún? Àlá ìyá tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ dúró sílé, wọn ò sì ní bi ìyá pé ta ló sọ fún ọ. Ọgbọ́n náà dára lójú mi. Mo gbé ọmọ mi lọ sílé, ọkàn mi tiẹ̀ fúyẹ́...

Màmá sọ ọ́ lóòótọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, níwájú ìyàwó Káyọ̀dé àti àbúrò ìyàwó tó wá kí wọn, Màmá ní oorun ọ̀sán gbé àwọn lọ, àwọn sì rí bàálù tó já, tí Káyọ̀dé wà nínú ẹ̀. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí àwọn gbàdúrà sí i. Ìyàwó ẹ̀ ló gba àdúrà náà, ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù fagi lé àlá, gbogbo wọn ṣe àmín, ó parí lójú tiwọn. Láàárọ̀, bí Káyọ̀dé ṣe ń jáde, Màmá lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́ o, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí... Màmá di ṣòkòtò ẹ̀ mú, wọ́n ń sunkún, àwọn ará àdúgbò tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wòran. Káyọ̀dé gbé Màmá dìde, ó ní wọ́n ń dójú ti òun, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Títí tó fi lọ, Màmá ò sọ ti omi, torí wọ́n ti ṣèlérí fún mi.

Bàálù náà gbéra dáadáa. Ọkọ mi ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé imú sókè ni ẹ́ńjìnnì wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó dákẹ́. Inú igbó ló já sí. Káyọ̀dé nìkan ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù oníbàárà, ó sì kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ọkọ mi sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, kò pa ìtàn mọ́. Ọmọ wa ọkùnrin, tí kò mọ ohun tó ń ṣe, bi í nídìí oúnjẹ pé ti Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ńkọ́, kí ló fà á? Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọkùnrin tó máa ń sọ pé bàálù kì í déédé já! Àwọn tí ìjọba rán wá ṣe ìwádìí dé, wọ́n wo àfọ́kù bàálù náà, ọ̀gá sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan pé, ọkọ mi náà ní gbogbo nǹkan pé, wọ́n lọ, a ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Inú ń bí mi sí i, àánú ẹ̀ tún ń ṣe mí, èwo ni kí n mú níbẹ̀?

Ìgbà tí a sin òkú tán ni ọ̀rọ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó mọ̀ pé bàálù máa já kó tó já, ṣé kì í ṣe òun ló mú un já? Ẹni tó kúnlẹ̀ fún ọmọ, ṣebí ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú? Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ẹ́stéètì, ó dé Ìyànà Ìpájà, mo gbọ́ ọ nílé-ìwé wa lẹ́nu tíṣà tí kò mọ Màmá rí, mo tẹ orí ba, mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Pásítọ̀ ìyàwó Káyọ̀dé ní kí àwọn ọmọ má jẹun lọ́wọ́ Màmá mọ́. Wọ́n ti kó ẹrù Màmá sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ààwẹ̀ gbo Màmá kí ìjẹ́wọ́ lè jáde. Ní ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù yìí, wọ́n máa mú Màmá síwájú ìjọ kí Màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dá Màmá padà sí Èkìtì, ibi tí ìròyìn ti ṣáájú wọn dé. Ẹ mọ ohun tí ojú ẹni tó bá jẹ́wọ́ àjẹ́ máa ń rí lábúlé. Káyọ̀dé nìkan sì ni Màmá bí.

Ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá lọ sọ òótọ́, ọkọ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, ọ̀gá ò ní bá a pín in, abẹ́ ìjọba sọ́jà la sì wà, ta ló máa bi í pé ṣé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn? Ilé mi á fọ́, torí á mọ̀ pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde. Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa gbà mí gbọ́, àbí wọ́n á ní èmi àti Màmá jọ wà nínú ẹgbẹ́ ni? Tí mo bá sì dákẹ́, Màmá lọ nìyẹn. Mo ti fẹ́ sọ fún ọkọ mi pé àlá kọ́, èmi ni, ẹnu mi á là, á tún padé. Mo lọ bá fíkà ìjọ wa, mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n bi mí pé lórí kí ni, mo ní lórí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì gbà á fún mi dáadáa, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ojú ara mi tì mí jàre.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ kí Màmá. Màmá ti rù. Ìyàwó Káyọ̀dé dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹ́ kí n pẹ́. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n béèrè ọmọ mi, pé ṣé ó ń jẹun. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ní kí n tú àwọn sílẹ̀ nínú ìlérí yẹn, mo tiẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n sọ ọ́, kó lè jẹ́ pé àwọn ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Màmá fà mí mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí jẹ́jẹ́, pé, "Ọmọ mi, nǹkan ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé ìwọ lo wá sọ ọ́ fún mi lóòótọ́, àbí mo lá a?" Wọ́n ní pásítọ̀ sọ pé àjẹ́ míì wà tí kì í mọ̀ pé òun jẹ́ ẹ, pé bóyá bí tàwọn náà ṣe jẹ́ nìyẹn, bóyá àwọn ló pa ọmọ àwọn.

Ìyàwó Káyọ̀dé ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Màmá, ẹ sinmi." Ohun tí mo sọ nìyẹn, mo dìde, mo lọ sílé lọ se oúnjẹ ọkọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, oṣù ò ní í pẹ́ parí. Tí mo bá tún dé ọ̀dọ̀ Màmá, ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa tún bi mí, ọkọ mi á sì wà nílé tó ń dúró dè mí. Ẹ bá mi sọ ọ́, kí ni kí n dá Màmá lóhùn?