Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Padà Sídìí Oògùn Ilé Ìwòsàn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìdí iná, ẹ kú dòdò díndín. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá mi lóko Àpòmù, mo kí Múfútáù àbúrò mi tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn gbé e jáde fún gbogbo ayé kà, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí.

Òjò ti ń rọ̀ ní Mánṣẹ́sítà láti àárọ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Láti ọjọ́ Àìkú tí Múfútáù ti sọ fún mi lórí fóònù pé Bàbá ti pa oògùn mẹ́dọ̀wú tí ilé ìwòsàn fún wọn tì, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, pé èyí tí mo fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lágbára jù ú lọ. Ó ní ẹ tiẹ̀ ti pín nínú rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Inú mi ìbá dùn, ká ní ọṣẹ ni.

Ẹjọ́ yín kọ́, Ìyá mi. Èmi ni mo sọ pé ó ń gbógun ti àrùn.

Lánàá, mo mú ike irú oògùn náà kan tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi lọ bá obìnrin kan níbi iṣẹ́ mi, ọ̀gá nínú àwọn tó ń yẹ kòkòrò àrùn wò. Ó kà á, ó mirí. Ó ní bí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bá wọ ẹ̀dọ̀, ara fúnra rẹ̀ máa ń dáná sun ún. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá pọ̀ jù, á jó ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú, ara sì ní ohun tó fi ń dá a dúró. Mo rántí bí Bàbá ṣe máa ń ro ẹ̀bá oko kòkó mọ́ tónítóní lẹ́ẹ̀rùn, kí iná ìgbẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní ẹ̀fọ́ àti èso ń ran ara lọ́wọ́ láti dá iná náà dúró, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn inú ike yẹn ń wo mẹ́dọ̀wú, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oògùn ilé ìwòsàn ló ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Béèyàn bá dá a dúró lójijì, kòkòrò náà lè jí, kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi mí pé ó tó ìgbà wo tí Bàbá ti dá a dúró. Mo ní n óò bi yín.

Ìyá mi, ojú Bàbá ńkọ́? Ṣé ó ti tún ń pọ́n rúsúrúsú? Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ara àwọn le. Ìgbà wo ni wọ́n sọ rí pé ara ò le? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti gbọ́ lẹ́tà yìí tán, kí Múfútáù gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kó mú oògùn méjèèjì dání. Bí wọ́n bá ní kòkó ń dúró de àwọn, ẹ ní mo ní kó máa dúró. Kí ẹ sì gba èyí tí ẹ pín padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, bó tilẹ̀ nira.

Ó ku ohun kan. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ fún wọn ní Ìkirè pé ọmọ yín ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Mo gbọ́, mo dákẹ́, nítorí ó dùn mọ́ mi. Ìgò ni mò ń fọ̀ níbẹ̀, Ìyá mi. Ìgò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sí dókítà kankan tó kọ oògùn yẹn fún mi. Àwòrán ẹ̀dọ̀ ni mo rí lára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì rà á, nítorí n kò rí ọ̀nà wálé wá tọ́jú Bàbá. Ẹ sọ ọ́ fún Bàbá àti gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé afọgò ló fi oògùn ránṣẹ́, bóyá wọ́n á gbọ́ ti dókítà.

Kí Ọlọ́run fún Bàbá mi ní àlàáfíà, kó dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíátù