Ọjọ́ Tí Mo Sọ fún Dókítà Pé Ara Le

Màámi ọ̀wọ́n,

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi o. Àwọn arúgbó tí mo ti ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láti ọdún pípẹ́ wá nílé ìtọ́jú wọn ní Plano lókè òkun níbí, àwọn ló ba eegun ẹ̀yìn mi jẹ́. Ìjọba ibí ní owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo béèrè fún un, wọn ò fún mi.

Ẹ má bínú, ọwọ́ yín wà níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tiwọn fún àyẹ̀wò. Mo múra bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo lọ aṣọ, mo kun àtíkè, mo wọ yẹtí góòlù. Ta ló ń fi ìyà han àlejò? Dókítà béèrè àlàáfíà mi, ẹnu mi yá jù mí lọ, mo ní ara le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yìn ń ro mí gógó, mo ń rẹ́rìn-ín! Bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà kì í pe àìsàn mọ́ ara yín. Bí ibà tilẹ̀ gbé yín ṣánlẹ̀, ẹ ó ní ó kàn rẹ̀ yín ni. Àìsàn tó mú yín lọ sọ́run gan-an, ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé mo sanra, mi ò mọ̀ pé ẹ ò lè jókòó mọ́. Ṣé ó dùn yín púpọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Mo ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá sọ ohun tí mi ò lè ṣe mọ́ fún adájọ́. Bí mo bá tún ṣe bí alágbára, ó parí nìyẹn. Mo ń gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí, ojú ń tì mí, àfi bíi pé mò ń ṣépè fún ara mi.

Ọmọ mi wà ní Houston, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, kíá la sì máa ń parí ọ̀rọ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Àdáwà yìí pọ̀ jù, Màámi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín. Mi ò lè dá wọ bàtà. Mi ò lè gbé ìkòkò ka iná. Láàárọ̀ yìí, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi ní balùwẹ̀, mi ò lè tẹ̀ mú un, mo dúró síbẹ̀, mo ń sunkún títí omi gbígbóná fi tán. Ká ní ẹ wà níbí ni, ẹ ò bá bá mi fọ ẹ̀yìn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí àárò yín ń sọ.