Fọ́ọ̀mù Tó Ń Bèèrè Ẹni Tí Wọ́n Máa Pè

Abà Olórombó,
Lọ́nà Iléṣà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1994.

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ọ̀fàtẹ̀dó níbẹ̀? Ṣé ọ̀kadà tí ò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ kò tíì gbé ọ ṣubú? Ọlọ́run tó fi ọ́ rẹ̀ wá lẹ́kún kò ní í jẹ́ ká tún ẹkún náà bẹ̀rẹ̀, àmín. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ilé ìdáná sì ń jò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ìṣó yín ní bí kò bá dé kí oṣù yìí tó parí, àwọn ò ní í gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá. Èmi ni mo fi í pamọ́ sínú Bíbélì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má bínú. Tíṣà Oyèṣọlá ló bá mi ka gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ó ní wọ́n ń bèèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí n sì fọwọ́ sí i. Irú ọ̀gá wo nìyẹn, tó gba ọmọ ọlọ́mọ tí ara rẹ̀ le síṣẹ́, tó sì ti ń wá ẹni tó máa gbọ́ ìròyìn burúkú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ méjì ló lọ kí o tó dé.

Mo wá rántí àwọn ohun tí o ti ń kọ sí mi. O ní wọ́n fún yín ní akoto, bàtà onírin àti dígí ojú, mo ní ṣé òkò ni wọ́n ń jù níbẹ̀ ni? O ní wọ́n fọn fèrè, gbogbo yín sá jáde, iná ò sì sí níbì kankan, ọ̀gá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wo aago, ó ní ẹ pẹ́ jù. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹni tó bá ń fi iná ṣeré báyìí, iná máa gbọ́ o. Dókítà tún yẹ etí yín wò nígbà tí etí ò dun ẹnikẹ́ni! Ìyá rẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, èmi náà sì ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, mi ò fọwọ́ sí i.

Àfi bí ti Àkànó ṣe ṣẹlẹ̀, Àkànó tó ń bá mi ṣiṣẹ́ oko, tó máa ń gbé ọ kọjá odò nígbà tí o wà nílé ìwé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ń fín oògùn sí kòkó, bí a ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá ó bẹ̀ mí pé kí n ra ìbomú fún òun, mo fi í rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé kòkó ń rùn ni? Afẹ́fẹ́ yí oògùn náà padà sí i lójú, ó ṣubú sídìí obì, ó ń yọ ìfófó lẹ́nu. A sáré gbé e lọ sí Iléṣà. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé jáde, ó ní ta ni ènìyàn rẹ̀, níbo ni ká ránṣẹ́ sí? Rẹ̀mílẹ́kún, ọdún kọkànlá rèé tí ọkùnrin yìí ti ń jẹ iṣu mi, mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Mi ò mọ ìlú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, kí ló wá ṣe ọkùnrin yìí tó ní ẹsẹ̀ méjèèjì? Ojú tì mí gan-an.

Ó ti ń mu ẹ̀kọ báyìí, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń ríran. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun Béjidé ń ta ọsàn ní Old Garage, Òṣogbo. Jọ̀ọ́, bá mi wá a lọ, sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ wà láàyè. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ojú. Bá mi bẹ ọ̀gá yín pẹ̀lú, bó bá ní ìbomú àti dígí tó ti gbó, kó fún mi ní méjì, torí kòkó ṣì kù tí a ò tíì fín, èmi ló sì kù tó máa fín in.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ohun tó bá ń pa ọmọ aráyé kò ní í mọ ọ̀nà ilé iṣẹ́ yín, wàá lọ, wàá bọ̀, irin kò ní í mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú lẹ́tà yìí, mo ti fọwọ́ sí i. Tíṣà ní àyè ibẹ̀ kéré, mo fi Yorùbá kọ ọ́ kọjá ìlà: Èmi Silas Ọdúntán, bàbá rẹ̀, ni kí ẹ pè. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Phebe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rídìí pè wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Silas.