Itọ́ Ni Mo Béèrè

Màámi wa ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú yín, ẹ má tíì ní kí n dìde. Ṣé ara le díẹ̀? Ṣé ìyá ìkókó ń rí oorun sùn? Dáadáa la wà níbí, àfi ojú tó ń tì mí.

Ìyàwó mi, ọmọ yín, ni mo ní kó mú lẹ́tà yìí wá. Ó ti kọ́kọ́ ní kí n tẹ̀ yín láago, mo sì tẹ̀ yín láago lóòótọ́. Ẹ rántí pé mo kí yín títí, mo béèrè òjò, mo béèrè ará ilé, mo ní ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ pè gan-an ni mi ò sọ.

Màámi, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá sí yàrá àyẹ̀wò wa nítorí ikọ́ yín. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ ń sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó pé, "Dókítà tèmi nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe dókítà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wá kòkòrò àìsàn ni mí. Mi ò kàn fẹ́ já yín nírọ́ lójú èrò ni. Mo gbé ike kékeré onídèérí fún yín. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kí ẹ ha ohun tó ki tó wà níbẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn sí ìyá ìyàwó rẹ̀ létí? Mo ń wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi tutọ́ díẹ̀ síbẹ̀, mà." Ẹ tu ú wẹ́rẹ́, ẹ fi áńkáṣífì nu ẹnu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí kòkòrò kankan, mo sì fi ayọ̀ sọ fún yín pé kò sí ikọ́ ife lára yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá tuntun dé sọ́dọ̀ wa. Obìnrin ni, kì í pariwo. Ó gbé àwọn ike orí tábìlì mi sókè síná, ó rí i pé ohun tó wà nínú wọn mọ́ gaara bí omi, ó wá bi mí pé kí ni mo máa ń ní kí àwọn aláìsàn ṣe. Mo ní mo máa ń ní kí wọ́n tutọ́. Ó ní, "Itọ́ lo béèrè, itọ́ náà ni wọ́n fún ẹ. Inú àyà ni kòkòrò yẹn wà." Ó wá pe orúkọ ohun tó yẹ kí n máa béèrè, ketekete, létí gbogbo wa. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

A pe àwọn kan padà. Káfíńtà kan tí mo ti sọ fún pé kò sí nǹkan kan wà lára wọn. Ó ti rù hangogo. Nígbà tí a gba ti inú àyà rẹ̀, kòkòrò kún un. Mi ò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn náà, mo délé, mo bá ọmọ yín tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Àbúrò rẹ̀ ló ń sọ pé ìkókó òun ò gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé àyà Màámi nìkan ló ń sùn lé, bí Màámi tiẹ̀ ń wúkọ́ tó. Mi ò lè jẹun. Èmi náà ni mo ní kí ẹ máa lọ bá wọn tọ́jú ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, kí ẹ tó ka èyí tó kù. Kì í ṣe pé a ti mọ̀ pé ikọ́ ife ni o. A ò tíì mọ̀ ni, ẹ̀bi mi sì ni. Tó bá jẹ́ òun náà, ó ní oògùn, ó sì máa ń lọ pátápátá béèyàn ò bá dá oògùn ọ̀hún dúró lágbedeméjì. A máa yẹ ìkókó náà wò. Ẹ̀rọ tuntun kan ti dé tí kì í pẹ́ sọ èsì, àmọ́ kò lè rí ohun tí a ò bá fún un.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí ó ṣọ́ ìkókó yẹn, kí ìtìjú tèmi má ṣe pa ẹnikẹ́ni lára.

Èmi ni àna yín, tí kì í ṣe dókítà.

Àfikún: Ike wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó jẹun, ẹ fi omi ṣan ẹnu, ẹ bọ́ síta gbangba, kí ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Kì í ṣe itọ́, Màámi. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́.