Ẹ̀bi Àsíátù Kọ́

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1989.

Gilbert, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Helen àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara gbogbo yín le ní Abẹ́òkúta. Ara tèmi náà le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá, n kò sì ní díbọ́n fún ọ.

Prógírámù tí èmi àti ìwọ jọ kọ fún ọsibítù wa níbí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àsíátù, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń tẹ káàdì àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iná lọ lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni gbogbo káàdì tó tẹ̀ láti àárọ̀ pòórá. Ìyáàfin Mọ́ṣádé, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ẹ̀bi náà. Mo bú iná, mo bú bátìrì, mo bú ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa.

O rántí pé bí iná bá lọ, bátìrì á gbé ẹ̀rọ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, Unix tó ń darí ẹ̀rọ náà á sì fi ìpè ránṣẹ́ sí prógírámù wa pé kó tètè kó gbogbo káàdì pamọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú prógírámù ọ̀hún. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé la ṣe kọ ọ́: bí àgbà bá pè, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni kó ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sáré lọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ ilé tó dáa ni, àmọ́ kò bá ẹ̀rọ mu. Etí èyí tó ń kọ káàdì sínú fáìlì lọ́wọ́ ni ìpè náà ń bọ́ sí, òun náà ló sì ti ti fáìlì pa kí ẹlòmíì má bàa fọwọ́ kàn án. Á pa ìkọ̀wé tì, á sáré lọ kó káàdì pamọ́, á bá fáìlì ní títì, á wá dúró de ẹni tó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í! Ibẹ̀ ló ń dúró sí títí bátìrì fi ń kú, tí gbogbo káàdì tí kò tíì kó pamọ́ á sì bá a lọ. Gilbert, àbí irú kí ni ká ti pe èyí?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo tún un ṣe. Mo ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di etí sí ìpè náà, mo wá fi ẹ̀karùn-ún síbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa retí rẹ̀. Bó bá dé, á ní sùúrù kí ẹni tó ń kọ̀wé parí kó sì ṣí fáìlì, kí òun tó kó o pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mo fọwọ́ ara mi pa iná. Káàdì kan ò sọnù. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́.

Láàárọ̀ àná, mo lọ ṣàlàyé fún Ìyáàfin Mọ́ṣádé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yọmí, àánú ọmọ yẹn ló ń ṣe ọ́. Ta ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ lólè?" Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Jọ̀ọ́, wá, tàbí kí o kọ̀wé kí o fọwọ́ sí i, pé àwa méjèèjì la ṣe àṣìṣe náà.

Láti ibẹ̀ mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti bẹ Àsíátù. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ dá wọn lóhùn pé ẹ̀rọ kì í ṣàdédé gbàgbé nǹkan." Òótọ́ ni, Gilbert. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa kó bá aláìṣẹ̀ mọ́. Kó ṣọ́ ọ, kó ṣọ́ ilé rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúyọmí

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: prógírámù kan náà ló wà ní ọsibítù ọ̀dọ̀ yín. Tún un ṣe kí iná tó lọ. Ta ló ń bá yín tẹ káàdì níbẹ̀? Sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan.