Òrí fún Orúnkún Ìyá Ìbídàpọ̀

Abúlé Ayékalẹ̀,
Ọ̀nà Ṣakí.
Oṣù Kẹta, 1958.

Bọ́lárìnwá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Sabina ìyàwó mi ń jẹun dáadáa, ṣé ọmọ tí a sọ lórúkọ lójú mi ti ń gbé ọrùn dúró? Olúwa tó mú mi dé Ṣómólú tó sì mú mi padà wálé kò ní jẹ́ kí ilé yín tú. Ewúrẹ́ mi bí méjì, òjò kò tíì rọ̀, òrùlé ilé ìdáná sì ń retí rẹ̀ kó lè jò. Bá mi kí àna mi Japhet ní Bárígà, ẹja gbígbẹ tó dì fún mi dùn púpọ̀, òórùn rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì mí nínú lọ́rì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, nípa ìgbafẹ́ tí o mú mi lọ. Kì í ṣe ti Àgbádárìgì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lára ògiri níbẹ̀, mo ní ajá wo ló tóbi tó báyìí, bàbá tó ń mú wa kiri ní ọrùn ọmọ èèyàn ni, n kò sì lè fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ti ilé ohun àtijọ́ l'Ékòó ni mo ń wí.

Bọ́ọ̀sì wa gba iwájú ọsibítù Ìgbóbì kọjá, o sì fi àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ hàn mí, tí wọ́n fi nǹkan funfun di ẹsẹ̀ wọn bí òpó. Nígbà tí a wá dé ilé ohun àtijọ́, tí mo rí èyí tí kò lápá, tí mo rí orí tí kò lọ́rùn, tí ọkùnrin aláṣọ ìjọba sì ní kí n má fọwọ́ kan àpótí dígí tí wọ́n wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọsibítù kan náà ni, àwọn tí àìsàn wọn ń ràn ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí wọn kú àìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìwọ ń fà mí láṣọ. Mo bi ọkùnrin náà pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń dá wọn sílẹ̀. Ó ní ìyá, àwọn tó bá wọ ibí kì í padà sílé mọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí o lọ wá omi fún mi ni mo dé yàrá ẹ̀yìn. Ó tutù níbẹ̀ bí inú àmù. Obìnrin àgbà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Dígí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Mo kí i, ó dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ gbẹ bí igi tí kòkòrò ń jẹ. Ó ní ṣé ará Ayékalẹ̀ ni mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rò pé ilà ojú mi ló fi mọ̀. Ó ní kí n bá òun kí Ìbídàpọ̀, kí n sọ fún un pé òtútù kò mú òun, ẹnikẹ́ni kò sì fìyà jẹ òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti kó àwọn tó yí òun ká wá, òun kò gbọ́ èdè ẹnì kankan nínú wọn. Ó ní bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀, òun nìkan á dákẹ́. Mo ní màá jíṣẹ́.

O gbé omi dé, o bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ sí i, o rẹ́rìn-ín, o ní òòrùn ló pa mí. Nígbà tí mo tún wò ó, ère obìnrin kan ló kúnlẹ̀ nínú dígí náà. N kò bá ọ jiyàn. Mo rò pé wọ́n ti pààrọ̀ aláìsàn ni.

Nígbà tí mo délé, mo jíṣẹ́ náà fún Ìbídàpọ̀, ìyá àgbà afọ́jú tó ti padà láti ilé ọkọ, tí ilé rẹ̀ kángun sí kànga. Ẹ̀gúsí ló ń bó, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ṣé obìnrin náà kúnlẹ̀ ni. Mo ní rárá, ó nasẹ̀ ni. Ó bú sẹ́kún. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú, bàbá òun gbẹ́ ère rẹ̀ ní ìkúnlẹ̀, ó sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, títí òun fi lọ ilé ọkọ ní Ìsẹ́yìn, tí Ọláyíwọlá àbúrò òun tà á fún oníṣòwò kan nítorí páànù. Ó ní ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dun òun, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó dìde. Ó ní ọpẹ́ ni pé ó ti rí ààyè nasẹ̀.

Òun ló di òrí sínú igbá kékeré tí Fọlọ́runṣọ́ onílọ́rì mú wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Díákónì wa ní òrìṣà ni, kí n má dá sí i. Mo ní n kò bọ nǹkan kan, orúnkún ló ń dun àgbàlagbà. Jọ̀ọ́, gbé e lọ. Bí wọn kò bá jẹ́ kí o fi pa á lórúnkún, gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Fi owó ọkọ̀ èmi àti Ìbídàpọ̀ ránṣẹ́, a fẹ́ wá lẹ́yìn Àjíǹde, kí o sì fi owó koríko òrùlé kún un. Títí a ó fi dé, bí o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, máa yà kí i. Sọ orúkọ ọmọ rẹ fún un, sọ iye tí wọ́n ń ta gààrí, ohunkóhun tó bá wù ọ́, kó ṣáà ti jẹ́ Yorùbá. Bí ó bá dáhùn, má sá. Dọ̀bálẹ̀, kí o sì máa pè é ní ẹ̀yin, nítorí ó jù mí lọ.

Ìwọ náà á dàgbà, ọmọ rẹ á sì máa wá ọ wá. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rebecca Ògúntádé.